Apẹ̀rẹ̀ Ajádìí Ni Ẹ̀yin Oníléeṣẹ́ Ń Da Díísù Sí

Bí iléeṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró ní orílẹ̀-èdè yìí, kò dìgbà tí wọ́n bá là á sọ kí ẹ tó mọ ohun tí wọn yóò wí. Owó díísù ni. Owó iná mọ̀nàmọ́ná ni. Lọ́dún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo jókòó nínú irú ìpàdé oníròyìn bẹ́ẹ̀ n'Ìkẹjà, l'Ọ̀tà, ní Àgbárá àti ní Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn. Ọ̀gá àgbà á dìde, á tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, á fajú ro, á sì ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ iná ló jẹ́ kí àwọn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ti sìn wọ́n láti ọdún pípẹ́. Àwa oníròyìn á kọ ọ́ sílẹ̀. A ó mu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n bá gbé wá. Bó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà á jáde bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò ní í yẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Ìbéèrè kan wà tí n kò bi ẹnikẹ́ni nínú wọn rí, tó sì yẹ kí n ti bi wọ́n: yúnìtì iná mélòó ni ẹ ń lò láti ṣe páálí ọjà kan? N kò béèrè iye owó tí ẹ ń san lóṣù. Ìyẹn wà nínú ìwé, ariwo rẹ̀ sì ti kún etí wa. Iye agbára tó ń bá páálí kan jáde ni mo ń béèrè. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi owó iná lé òṣìṣẹ́ lọ kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, bí a tilẹ̀ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n fi wá ìdáhùn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kì í ṣe agbẹjọ́rò ìjọba. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ ti fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí a máa retí ìtura. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Bándì A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wá sí ìsàlẹ̀ 200. Lọ́dún yẹn kan náà, gíríìdì wó lulẹ̀ léraléra, lítà díísù kan sì kọjá náírà 1,000. Ẹni tó bá sọ pé kò nira láti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, irọ́ ló ń pa. Àwa tí a ń gbé l'Ékòó nígbà tí Dunlop dáwọ́ iṣẹ́ táyà dúró n'Ìkẹjà ní 2008 mọ̀ pé iléeṣẹ́ ńlá lè di ilé ìkẹ́rùsí lójú ẹni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn ilé wọn. Èyí tó tóbi wà fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tó kéré wà fún ọ́fíìsì. Nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń parí iṣẹ́. Ọkọ̀ á kó ìwé ìròyìn lọ, àwọn òṣìṣẹ́ á tẹ́ páálí sílẹ̀, wọn á sùn. Jẹnẹrétọ̀ ńlá yìí kò ní í sinmi títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí ló ń gbé ní gbogbo àkókò yẹn? Gílóòbù mélòó kan ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ amúlétutù kan nínú yàrá tí wọ́n ń kó awo ìtẹ̀wé sí, àti fíríìjì ọ̀gá. Kékeré tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa ọ̀kan kó sì tan èkejì. Ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ìtẹ̀wé. Ọ̀gá ìtẹ̀wé ti lọ sílé. Owó díísù ń jáde láti ọ́fíìsì ọ̀gá ìnáwó, ẹni tí kò dé ẹ̀yìn ilé yẹn rí. Ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ iye lítà tó wọlé sí. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ iye yúnìtì tó jáde sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n lẹ orúkọ èèyàn mọ́kànlá mọ́ pátákó. Owó díísù ni ìdí tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wọn. Bàbá kan tó máa ń ka ìwé ìròyìn wò kó tó lọ sórí ẹ̀rọ, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, wà nínú wọn. Ó kó ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó lọ. Lóru ọjọ́ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ńlá ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Ohun tí ilé iṣẹ́ yẹn ṣaláìní, kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ètò ni. Láti ọdún 2011 ni àjọ ISO, tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, ti gbé ìlànà ìṣàkóso agbára kan jáde tí wọ́n ń pè ní ISO 50001. Wọ́n tún un ṣe ní 2018. Ohun tí mo pè ní agbára níhìn-ín ni iná, díísù, gáàsì, ooru bọ́ílà, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ. Bí a bá bó èdè àwọn onímọ̀ kúrò lára ìlànà náà, ohun tó kù yé ìyá tó ń ta búrẹ́dì. Kí olórí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ agbára di ọ̀rọ̀ òun. Kí a yan ẹnì kan tí a ó mú ní ọrùn bí nǹkan bá bàjẹ́, kí a sì fún un ní àṣẹ. Kí a wọ̀n ohun tí a ń lò, ká mọ àwọn ibi mélòó kan tó ń jẹ púpọ̀ jù. Kí a kọ bí nǹkan ṣe rí lónìí sílẹ̀, kó jẹ́ ìwọ̀n ìpìlẹ̀. Kí a pinnu ohun tí a fẹ́ dín kù, ká ṣe é, ká padà wá wò ó bóyá ó dín kù lóòótọ́, kí ẹlòmíràn yẹ̀ wá wò, ká tún bẹ̀rẹ̀.

Ó rọrùn láti gbọ́, àbí? Òun náà ló fà á tí àwọn kan fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní iléeṣẹ́ kan lo yúnìtì 200,000 lóṣù tó kọjá, ó sì ṣe páálí ọjà 50,000. Lóṣù yìí ó lo 180,000, ó sì ṣe páálí 40,000. Ọ̀gá ìnáwó á wo owó iná, á rí i pé ó wálẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n yúnìtì mẹ́rin ni páálí kan jẹ lóṣù tó kọjá. Lóṣù yìí, mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan, ẹ̀rín ni wọ́n sì ń rín. Bó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, tí ọjà pọ̀ tí owó iná sì gòkè, ariwo á ta, ẹni tó ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n á sì bá wí. Owó iná nìkan kò lè sọ òtítọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló máa ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tí ń ki afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n èyí tí fọkanáísà ẹ̀bá títì fi ń ki atẹ́gùn sínú táyà ni. Afẹ́fẹ́ tí a kì pọ̀ yìí ló ń ti apá ẹ̀rọ, tó ń ṣí fáàfù, tó ń fẹ́ eruku. Ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́ lójú òṣìṣẹ́, nítorí pé kò ní àwọ̀, kò sì ń kán sílẹ̀ bí omi. Bẹ́ẹ̀, ó wà lára agbára tó wọ́n jù lọ nínú iléeṣẹ́, torí pé púpọ̀ nínú iná tí a fi kì í pọ̀ ló ń di ooru lásán. Ẹ wọ iléeṣẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá lọ jẹun ọ̀sán, tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹ tẹ́tí. Ṣíì tí ẹ ń gbọ́ láti ara páìpù àti rọ́bà yẹn, iná ni. Àwọn onímọ̀ lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń jò lè kó ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń ṣe. Nínú iná márùn-ún tí ẹ sanwó fún nídìí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ọ̀kan lè ti bá ihò lọ. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni a fi ń wá ihò wọ̀nyẹn, bí fọkanáísà ṣe ń wá ibi tí táyà ti jò. Èló ni omi ọṣẹ?

Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró ti ẹ̀rọ mọ ibi tí ó ti ń jò. Wọ́n ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹ kò bi wọ́n ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ni wọn ó sọ ọ́ fún? Ọ̀gá tó wà níwájú wọn, iye páálí tó jáde ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ tirẹ̀; kò sí ohun tó kàn án bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń jẹ iná bí iná ìléru.

Ẹ tún wo mọ́tò oníná, èyí tí ń yí ẹ̀rọ, mi ò sọ ọkọ̀ o. Bí ó bá jóná, akọ̀wé ìrajà á lọ wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, tàbí kí wọ́n ní kí wáyàmáànù tún wáyà inú rẹ̀ wé fún ìgbà kẹrin. Wọ́n á yìn ín pé ó fowó pamọ́ fún iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń fa kílówáàtì 30, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6,000 lọ́dún, yúnìtì 180,000 ló ń jẹ. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ náírà 209, ó lé ní mílíọ̀nù 37 náírà lọ́dún kan ṣoṣo, nídìí mọ́tò kan. Ẹni tó ń ná ọwọ́ wọlẹ̀ lórí iye tí wọ́n ra mọ́tò, tí kò béèrè ohun tó ń jẹ, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ ni fáànù àti pọ́ǹpù tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ: bí a bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín eré fáànù kù, iná tó ń jẹ á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ìṣirò ni, kì í ṣe idán. Mélòó nínú yín ló ti rán ẹnì kan lọ wò ó?

Ní ti díísù, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń korò. Jẹnẹrétọ̀ tó dára, tó sì gbé ẹrù tó tọ́ sí i, máa ń fún wa ní nǹkan bíi yúnìtì mẹ́ta sí mẹ́rin láti inú lítà kan. Ká ní náírà 1,000 ni lítà: bí ó bá fún wa ní mẹ́ta àtààbọ̀, yúnìtì kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 286. Bí ó bá jẹ́ méjì àtààbọ̀ ló ń fún wa, ó ti di náírà 400. Ìyàtọ̀ yẹn lè wá láti ara ẹ̀rọ tó ti gbó, tàbí ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ẹrù kékeré bíi ti ilé iṣẹ́ wa ìjelòó. Ó sì lè wá láti inú kẹ́ẹ̀gì tí ń bá ẹ̀yìn ọgbà jáde lóru. Ẹ̀yin náà mọ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ ló ní ìtàn díísù tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ lé ọlọ́dẹ, ẹ lé ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, ẹ gba pásítọ̀ wá kó wá gbàdúrà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mítà kékeré kan lára jẹnẹrétọ̀ àti ìwé tí a ń kọ lítà àti yúnìtì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójoojúmọ́ á sọ fún yín lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ìdí tí àwọn kan kò fi fẹ́ mítà náà nìyẹn, àwọn tó wà lókè pàápàá.

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ báyìí ni pé àwọn ti fẹ́ gbé sólà sórí òrùlé. Sólà dára. Kí wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń bá ihò lọ, ó ń ra páánẹ́lì fún ihò ni. Ẹ kọ́kọ́ dí i ná, kí ẹ tó mọ iye páánẹ́lì tí ẹ nílò gan-an.

Irú kejì ni àwọn tí ìwé ẹ̀rí nìkan ń wù. Wọ́n á pe agbaninímọ̀ràn, á kọ fáìlì mẹ́ta tó nípọn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín súwẹ́tà tí wọ́n kọ "Ẹ Pa Iná" sí, wọ́n á gbé férémù kọ́ sí yàrá ìgbàlejò. Ẹni tí wọ́n fi ṣe alákòóso agbára á jẹ́ ọmọ ẹnjiníà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúlú, tí kò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, tó ní láti kọ̀wé nígbà mẹ́rin kó tó rí owó ra mítà kan gbà. Ìyẹn kì í ṣe ètò. Ìlànà náà gan-an kò fàyè gbà á: iwájú àwọn tó wà lókè pátápátá ni àbájáde rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé, kí wọ́n sì dáhùn fún un. Bí alága iléeṣẹ́ kò bá béèrè iye yúnìtì lórí páálí kan bó ṣe ń béèrè èrè, kí wọ́n gbé férémù náà sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé iléeṣẹ́ ńláńlá Òyìnbó ló lè ṣe irú èyí. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ilé búrẹ́dì kan lè kọ iye gáàsì àti iye àpò ìyẹ̀fun sínú ìwé ogójì ojú ewé. Owó tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí lè pọ̀ fún un. Kó fi ìwé ẹ̀rí sílẹ̀, kó mú ètò. Àwọn orílẹ̀-èdè tó sì ń bá wa du ọjà, wọn kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú oníléeṣẹ́ nìkan. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí, Japan ṣe òfin ní 1979 tó mú kí iléeṣẹ́ tó ń lo agbára púpọ̀ ní alákòóso agbára. Íńdíà ṣe tirẹ̀ ní 2001. Jámánì, nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 2023, sọ ọ́ di dandan fún iléeṣẹ́ tó bá ń lo ju mílíọ̀nù 7.5 yúnìtì lọ lọ́dún láti ní ètò ìṣàkóso tó péye. Ọjà tí wọ́n ṣe ní irú ibẹ̀ ló ń wọ èbúté Apápá, tó ń ta ju tiwa lọ, tí a sì ń pariwo pé wọ́n ń pa wá.

Òfin iná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso iná lábẹ́ ara wọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí, Èkó àti Ògùn ṣáájú, lè fi ìlà kan sínú òfin wọn: iléeṣẹ́ tó bá ń lo iná ju iye kan lọ gbọ́dọ̀ yan alákòóso agbára, kó sì máa ròyìn ìwọ̀n rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ó má di owó orí tuntun o, kí ó má sì di ibi tí àwọn ọmọ kan á ti máa gbé tíkẹ́ẹ̀tì kiri ẹnu géètì. Iye yúnìtì lórí ọjà kan, kó wà lákọsílẹ̀, ó tó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà, mo ní ẹjọ́ yín í rò. Bí wọ́n bá pè yín jókòó pé iná ti wọ́n, àfi kí ọgọ́ta èèyàn lọ, orí iye owó ìgbẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ béèrè ìwọ̀n kí ẹ tó béèrè owó. Ẹ ní kí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ oṣù méjìlá wá. Bí kò bá sí, a jẹ́ pé wọn kò tíì mọ ohun tó ń pa iléeṣẹ́, tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò kú fún un.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, nígbà tí géètì bá wà ní títì, tí kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ ka mítà ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ tún padà lọ kà á ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tó bá fi lé sí i láàárín ìgbà méjèèjì, iná tí kò ṣe páálí kan ni. Ẹ fi 52 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ tó jókòó kọ lẹ́tà sí òṣìṣẹ́ kankan.

Àti ẹ̀yin ọmọ oníròyìn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí: nígbà mìíràn tí ọ̀gá àgbà bá dìde tó ń tún táì ṣe, ẹ na ọwọ́ yín sókè, ẹ bá mi bi í ní ìbéèrè tí èmi kò bi wọ́n. Yúnìtì mélòó lórí páálí kan? Bí ó bá dáhùn, ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ó dákẹ́.